Ọ̀pá Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Àna

Ọ̀pá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Ìyá Ẹlẹ́rọ. Kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ó sì ní àmì kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé sí i lára. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní igi ìdáná ni. Àmọ́ kò sí ohun tó wọ́n tó o nínú ilé náà, nítorí pé láti ìdí ọ̀pá dé ojú àmì yẹn gẹ́lẹ́ ni gíga òkúta kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà orí òkè, níbi tí àpáta dúró lọ́tùn-ún, tí àpáta dúró lósì, tí ọkọ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò gbà. Àwọn ará òkè ti fi dígà gbẹ́ ìdí òkúta náà rí, kí wọ́n lè hú u sọnù. Wọ́n gbẹ́, wọ́n gbẹ́, wọ́n wá rí i pé orí òkè gan-an ló yọ síta. Ta ni yóò hú òkè? Wọ́n gbé dígà wọn lé èjìká, wọ́n gba ilé lọ.

Àna ni ọkọ Ìyá Ẹlẹ́rọ sọ òkúta náà. Ó ní bí èèyàn ṣe wù kó yájú tó, bó bá ti dé iwájú àna, ó gbọ́dọ̀ rọra, ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tọkọtaya náà fi gun òkè yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọ́n á so ẹ̀rọ ìlọgbàdo wọn, tó jókòó sórí táyà méjì, mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù, wọ́n á máa fà á kiri àwọn abúlé tí iná mànàmáná kò dé. Ọkọ a wakọ̀, ìyàwó a wo ọ̀nà. Orin ni ìyàwó fi ń sọ ohun tó bá rí, nítorí ariwo ẹ́ńjìnì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán:

Òkúta ń bẹ lọ́tùn-ún —
Mo ti rí i.
Kòtò ń bẹ lósì o —
Mo ti rí i.
Rọra, ọkọ̀ mi, rọra —
Mo ti rí i.

Ọkọ ló ń gbè é. Ohùn rẹ̀ kò dùn rárá, bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lókùn ló rí, àmọ́ kò pa ègbè jẹ rí. Bí wọ́n bá wá dé ọ̀dọ̀ Àna, abẹ́ ọkọ̀ á fi díẹ̀ ha òkúta lórí: kìrìrì. Ọkọ á ní, “Àna ti dáhùn. Wọ́n ní ṣé dáadáa la dé.” Ìyàwó á rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwàdà kan náà, ẹ̀rín kan náà, kò sì sú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Oṣù mẹ́sàn-án rèé tí àyà ríro gbé ọkùnrin náà ṣubú lórí òkè. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ ọkọ̀ wà. Nígbà tí ìyàwó ṣì wà ní ọmọge, ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà lórí pápá ilé ìwé, kò kàn fi ṣe iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ọkọ sí ìjókòó tirẹ̀, òun alára jókòó sídìí sítíárìn, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Àna, ọkùnrin náà la ojú.

“Ṣé ibí lo ti máa ń wò ó?” ló wí. “Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ.”

Kò tún sọ ọ̀rọ̀ gidi kan lẹ́yìn ìyẹn. Ó kú ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹta. Ìyá Ẹlẹ́rọ kò sì jókòó sídìí sítíárìn mọ́.

Kò pẹ́ tí píkọ́ọ̀pù náà fi tẹ̀ lé olówó rẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dákẹ́ lábẹ́ igi, kò dáhùn mọ́. Owó tí tọkọtaya náà ti ń tọ́jú fún ọkọ̀ míràn wà nílẹ̀, àmọ́ àkọ́bí wọn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà, ní kí màmá òun gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó ní kó ta ẹ̀rọ ìlọgbàdo, kó wá máa gbé ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé òun. Ó tiẹ̀ ti bá a rí oníbàárà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni ẹni náà yóò wá gbé ẹ̀rọ lọ.

“Àyàfi tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ tó lè fà á gun òkè kí ọjọ́ náà tó pé,” ọmọ rẹ̀ wí. “Màá wá, ká jọ lọ wò ó.”

Ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ mọ́, ọmọ náà pè pé wọn kò jẹ́ kí òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Ẹlẹ́rọ ní kò burú. Ó fa ọ̀pá yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ lóun nìkan.

Ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ kò ju títì méjì lọ sílé rẹ̀. Ọkùnrin tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà de táì pupa kan tó gùn débi pé bó bá bẹ̀rẹ̀, táì ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́rọ ti sọ ọ́ ní Onítáì nínú ara rẹ̀ kí wọ́n tó kíra tán.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Irú ọkọ̀ wo lẹ fẹ́?”

“Píkọ́ọ̀pù ni, ọmọ mi. Kó má tóbi bí ilé, kó má sì kéré bíi bàtà. Ọ̀nà òkúta ni yóò máa rìn, yóò sì máa fa ẹrù lẹ́yìn.”

Onítáì mú un lọ síbi ọkọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó ń dán bíi dígí. Ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó dì í mú, ó ń dúró. Ìyá Ẹlẹ́rọ gba iwájú ọkọ̀ yípo, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó sì jókòó síbi tó ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Onítáì wo ìjókòó tó ṣófo. “Màmá, awakọ̀ yín ńkọ́?”

Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. “Ó ń bọ̀.”

“Ṣé ká dúró dè é ni?”

“Má dúró. Mo mọ ohun tó fẹ́.”

Onítáì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ọkọ̀. Awọ ni ìjókòó rẹ̀. Ó ní ojú kan bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, tó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ han èèyàn. “Ó tún ń kọrin, Màmá. Orin tó bá ṣáà ti wù yín.”

“Èmi náà ń kọrin,” Ìyá Ẹlẹ́rọ wí. “Ṣé ó lè bá mi gbè é?”

“Rárá o, Màmá. Ìyẹn nìkan ni kò lè ṣe.”

Ìyá Ẹlẹ́rọ sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀pá nàró, ó tì í bọ abẹ́ ọkọ̀. Irin kan tó gùn gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀kùn dá ọ̀pá náà dúró kí àmì tó wọlé.

“Kí lẹ ń wọ̀n, Màmá?”

“Àna mi ni.”

Onítáì wo ọ̀pá, ó wo ìyá arúgbó, ó sì tún táì rẹ̀ ṣe.

Èkejì funfun, ó sì ga dáadáa. Ọ̀pá wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì, ààyè ìka méjì sì tún kù lókè. “Èyí lè fa ilé gun òkè,” Onítáì wí.

“Ti gígùn kọ́ ni mò ń rò. Bó bá ń sọ̀ ńkọ́, tí ẹ̀rọ ń tì í lẹ́yìn?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Onítáì, ojú iṣẹ́ ló wá kù. “Jíà kékeré wà níbí, Màmá. Bẹ́ ẹ bá fi sí i, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló máa dì í mú. Ẹ ò ní máa tẹ bíréèkì títí yóò fi gbóná.”

Ìyá Ẹlẹ́rọ mi orí. Ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tó gbọ́ láti àárọ̀ nìyẹn. Onítáì ti ń wá bírò nínú àpò. “Ṣé ká kọ̀wé rẹ̀?”

“Jẹ́ ká lọ so ẹ̀rọ mi mọ́ ọn ná.”

“Màmá, ṣebí ẹ ti wọ̀n ọ́n.”

“Òfìfo ni mo wọ̀n. Ṣé òfìfo ló fẹ́ máa gun òkè ni?”

Onítáì wà á dé ilé ìyá náà. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àpò àgbàdo mẹ́rin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Onítáì ló gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó ti ju táì sẹ́yìn ọrùn kó má bàa dí i lọ́wọ́. Bí àpò kẹrin ṣe wọlé, tí imú ẹ̀rọ náà sì ń tẹ ìkọ́, ìdí ọkọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ń jókòó sórí àpótí. Ìyá Ẹlẹ́rọ tún kúnlẹ̀. Àmì kò wọlé mọ́.

“Àna á mú un nídìí,” ló wí.

Onítáì bẹ̀rẹ̀ wò ó fúnra rẹ̀. “Ọdún méje ni mo ti ń ta ọkọ̀. Mi ò rí ẹni tó wọn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rí.”

“Ta ló wá sọ fún wọn pé ẹrù ò wúwo?”

Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni. “Màmá, oníbàárà yẹn ti fẹ́ gbéra o. Ṣé ẹ ti rí nǹkan kan?”

“Mò ń wò ó lọ́wọ́.”

“Ẹ má da ara yín láàmú. Yàrá yín ti wà nílẹ̀.”

Ó fi fóònù sí àpò. Ilé dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti oṣù mẹ́sàn-án ni ilé ti ń dákẹ́ báyìí. Bó bá kọ orin nínú rẹ̀, ògiri a kàn gbé ohùn rẹ̀ padà fún un ni.

Onítáì ń họ orí. “Màmá, ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn ọgbà. Mi ò fi hàn yín ni, kò dùn ún wò. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń gbẹ́ kànga la ti rà á.”

“Lọ mú un wá. Ṣé èmi náà dùn ún wò ni?”

Àwọ̀ amọ̀ ni ọkọ̀ kẹta ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti tẹ̀ wọnú díẹ̀. Àmọ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ lórí irin pẹlẹbẹ, méje, wọ́n dì wọ́n pọ̀ bí ìwé. “Kò rọ̀ o,” Onítáì kìlọ̀. “Lófìfo, á máa jù yín sókè bí ẹ̀pà nínú agbada.” Wọ́n kó àpò sí i, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ kàn mí kanlẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Ọ̀pá wọlé. Àmì wọlé. Ìka kan tún kù lókè.

Ìyá Ẹlẹ́rọ wọlé síbi ìjókòó rẹ̀, ó gbé ọ̀pá lé itan. Onítáì kò wọlé.

“Màmá, òfin ọgbà wa ni: bí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn, awakọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á ló máa dán an wò. Ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ní ó ń bọ̀.”

Ìyá Ẹlẹ́rọ wo sítíárìn. Ó wo ìjókòó tó wà lẹ́yìn sítíárìn, aṣọ rẹ̀ ti gbó síbi tí ẹ̀yìn ẹni tó ń gbẹ́ kànga ti ń fara tì í. Ó gbé ọ̀pá kúrò lórí itan.

“Ó ti dé,” ló wá sọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gba iwájú ọkọ̀ yípo. Ìrìn náà kò ju ẹsẹ̀ mẹ́jọ lọ, àmọ́ bí ìgbà tó ń gun òkè ló rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. “Ìwọ bọ́ síbẹ̀ yẹn,” ó wí fún Onítáì.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé, òkúta ló kún ibẹ̀. Ó fi jíà kékeré sí i, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé e bí ẹran tó mọ olówó rẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé orin ti bọ́ lẹ́nu òun:

Òkúta ń bẹ lọ́tùn-ún —

Ó dúró de ègbè. Onítáì di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Kí ni kí n sọ, Màmá?”

“Má sọ nǹkan kan.”

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ padà, ẹ́ńjìnì di ẹrù mú gírígírí, Ìyá Ẹlẹ́rọ kò fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì rárá. Ó pa ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Sọ fún ẹni yẹn kó má wá mọ́.”

“Ẹ ti rí ọkọ̀? Ta ló máa wà á?”

“Èmi ni.”

Ọmọ náà tún bi í. “Ẹ̀yin nìkan, Màmá?”

“Èmi nìkan.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ẹlẹ́rọ gun òkè. Ó kọ orin, ó sì ń gbè é fúnra rẹ̀, ohùn kan náà lókè, ohùn kan náà nísàlẹ̀. Òkúta ń bẹ lọ́tùn-ún, mo ti rí i. Kòtò ń bẹ lósì o, mo ti rí i. Ní ọ̀sán, àpáta méjèèjì yọ, ó sì rí Àna láàárín wọn. Láti ìdí sítíárìn, ó kéré lójú rẹ̀. Òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ: láti ìjókòó kejì ló ti máa ń ga.

Ó rọra. Ó tẹrí ba. Òkúta wọ abẹ́ ọkọ̀, Ìyá Ẹlẹ́rọ sì pa orin mọ́ ẹnu, ó ń tẹ́tí.

Táyà iwájú kọjá. Táyà ẹ̀yìn kọjá. Ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé wọn, ó kọjá. Kò sí ohun tó ha ohun kankan. Ó ti yan ọkọ̀ dáadáa débi pé Àna kò rí nǹkan fi dáhùn.

Ó pa ọkọ̀ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láàárín àpáta, kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ó mú ọ̀pá, ó rìn padà, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí, ó sì fi ẹnu ọ̀pá ha òkúta náà lórí.

Kìrìrì.

“Wọ́n ní ṣé dáadáa lo dé,” ó wí. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wá, ó kúrú, àmọ́ ó wá.

Ó gbé ọ̀pá sórí ìjókòó tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn dé. Abúlé mẹ́ta ló kù níwájú.