Òkè Tí Ọ̀rẹ́ Ń Gùn ní Sátidé

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti bí mi, níbí ní Ìlọrà. Àwa kì í gun òkè gbàdúrà. Orí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ fáànù, ni Ọlọ́run ti ń gbọ́ tiwa, a ó sì ti padà délé kí ọbẹ̀ tó tutù. Hannah ìyàwó mi ni Aládùúrà paraku. Bó bá gbọ́ pé òkè kan wà níbì kan, bàtà ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Ọdún méjìdínlógójì rèé tá a ti jọ ń gbé, tá a jọ ń jiyàn, mo sì fẹ́ràn obìnrin náà débi pé bó bá ń hanrun, n kì í jí i.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Ọ̀rẹ́olúwa. Kánádà ló wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nínú oṣù karùn-ún, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀. Ó dá dúró sí ṣóńṣó orí òkè, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó wọ kóòtù funfun, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, yìnyín sì yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Ó ní wọ́n ti ti ibẹ̀ pa, kò sí èèyàn, ó pa lọ́lọ́, gbogbo Sátidé lòun ń gùn ún.

Ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ kí Aládùúrà rò? Aṣọ funfun, orí òkè, òwúrọ̀ kùtù, ọwọ́ lókè. Hannah bú sẹ́kún ayọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí ní kékeré, nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sórí òkè àdúrà ìjọ wọn lẹ́yìn ìlú Ìmínì, òun ló wá di jagunjagun àdúrà nílẹ̀ òyìnbó. Hannah gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi han tọmọdé tàgbà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Jésù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni Ọ̀rẹ́ pe èmi nìkan. Ó ní eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn òyìnbó máa ń so pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ bọ̀rọ́ lórí yìnyín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà òtútù, àga irin ló ń gbé wọn gòkè, owó ẹ̀ sì ga ju agbára ọmọ mi lọ. Bí ooru bá ti ń dé, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, wọ́n á pa ẹ̀rọ, kálukú á gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n yìnyín ṣì wà lókè. Ìgbà náà ni tèmi á wá gbé pátákó kọ́ ẹ̀yìn, á fi ẹsẹ̀ rìn fún wákàtí méjì gòkè, kó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yọ̀ wá sílẹ̀.

Mo bi í bóyá ó lóko síbẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé lòun ń gbé arúgbó dìde, tóun ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tóun ń wẹ̀ wọ́n; ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn nìkan lara òun ń jẹ́ tòun. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Ó ní kí n bá òun là á yé Mọ́mì. Mo ní kó fi sílẹ̀, pé ayọ̀ ìyá ẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lára. Irọ́ ni mo pa, àmọ́ n kò mọ̀.

Nítorí Hannah ò fi mọ sórí ayọ̀. Ó ní ọmọ òun ò lè wà nínú òtútù lórí òkè, kóun wà nílé kóun máa jẹ iṣu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ ní gbogbo Sátidé tí Ọ̀rẹ́ bá ń gòkè, títí ọmọ á fi pè láti òkè, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán tiwa. Ó ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ, kí ọkàn ẹ̀ má baà pín. Nínú àwa mẹ́ta, èmi nìkan ló mọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe, mo sì panu mọ́.

Lọ́dún yìí ni dókítà l'Ọ́yọ̀ọ́ sọ fún un pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó fún un lóògùn, ó ní kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹun, kò sì gbọdọ̀ gbààwẹ̀ mọ́. Hannah gbọ́, ó dúpẹ́, ó ń lo oògùn, ó sì ń gbààwẹ̀ ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọmọ òun ń jagun fún wa lórí òkè, èmi ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Sátidé kan, mo gbọ́ tí ìkòkò já bọ́ ní kíṣìnì. Mo bá a nílẹ̀, òógùn bò ó, ó ń sọ ìsọkúsọ. Ọlájídé aládùúgbò wa ló fi mọ́tò ẹ̀ gbé wa dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, pé ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, à bá pàdánù ẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè la tó padà délé.

Mo jókòó tì í létí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, “Ìyá Ọ̀rẹ́, Ọ̀rẹ́ ò gbàdúrà lórí òkè yẹn rí. Eré ló ń lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ẹ láti ọdún méjì sẹ́yìn, èmi ni n kò sọ.”

Ó wò mí títí, ó wá kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó parí. Ọbẹ̀ tó ń bù fún mi ò lẹ́ran. Ọ̀rẹ́, tí mo ti ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún, pè, pè, pè, ìyá ẹ̀ ò gbé e. Gbogbo èyí tọ́ sí mi. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ń bẹ̀rù, torí mo mọ oríkunkun aya mi, ó lè fi ìbínú gbààwẹ̀ yẹn kú.

Aago méje àárọ̀ Sátidé, mo gbọ́ òórùn ẹyin díndín. Mo yọjú sí kíṣìnì. Hannah jókòó, ó ń jẹun, ó sì fi omi gbé oògùn ẹ̀ mì lójú mi. Ara mi balẹ̀ débi pé mo fara ti ilẹ̀kùn. Mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí.

“Mi ò tíì dárí jì yín,” ó wí. “Nígbà tí mo rò pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lọmọ mi wà, mo lè gbààwẹ̀. Ní báyìí tí mo mọ̀ pé òun nìkan ló wà lórí òkè, tó so pátákó mẹ́sẹ̀ bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú, àdúrà tí mo máa gbà lónìí kì í ṣe ti ẹni tébi ń pa.”

Aago mẹ́ta, fóònù dún, ìpè fídíò ni. Ó gbé e. Ọ̀rẹ́ kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò mọ̀ nípa ààwẹ̀ rárá. Hannah jẹ́ kó sunkún tán. Ó wá bi í pé kí ló wà nínú eré náà gan-an. Ọmọ sọ fún un nípa àwọn arúgbó, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá ẹ̀ ní kó so fóònù mọ́ àyà, kóun rí i.

Ó so ó. Ilẹ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ wá bá wa nínú fóònù, atẹ́gùn ń hu, Hannah di ọwọ́ mi mú, èékánná ẹ̀ wọ̀ mí lára, ó ń pe Jésù ní gbogbo kọ́nà. Láàárín atẹ́gùn la ti gbọ́ ẹ̀rín. Ọ̀rẹ́ ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ẹ̀rín tí a ò gbọ́ mọ́ látìgbà tó ti kúrò n'Ílọrà. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, omi ti bo ojú Hannah.

Ó nu ojú ẹ̀. Ó ní, “Ọ̀rẹ́, tún un ṣe.”

Ọmọ ń mí gúlegúle. Ó ní wákàtí méjì lòun máa fi gùn ún padà.

“Gùn ún,” ìyá ẹ̀ wí. “Mo ti jẹun.”