Ṣéènì Alùpùpù Jael

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Mo sanra dáadáa ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀, mò ń jẹun yó, mo sì ń jowú tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mò ń ṣe, níwájú ilé wa gan-an ní Súrùlérè. Kò sí ẹ̀rọ tó dákẹ́ tí wọ́n gbé wá bá mi tí kò padà fọhùn. Àmọ́ nígbà tí ṣéènì alùpùpù Jael ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ó lọ pe ọkùnrin mìíràn wá láti Múṣín.

Alùpùpù ọ̀hún kéré. Ìjókòó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún mi lọ, iná iwájú rẹ̀ sì tóbi bí ìṣaasùn. Bàbá Jael ló ni ín. Bàbá náà ti kú kí Jael tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ìyá rẹ̀ sì fi tapólì bo alùpùpù náà sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní Yábàá láti ìgbà yẹn. Nígbà tí ìyá fẹ́ kó kúrò nílé náà, Jael ní òun ò fẹ́ nǹkan kan nínú ẹrù, alùpùpù yẹn ni kí wọ́n fún òun. Ó ń gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní ìparí àdúgbò. Bó bá ti gun pákó orí gọ́tà kọjá báyìí, ṣéènì á yọ, á sì máa ti alùpùpù bọ̀ wálé.

Ṣùbòmí ni orúkọ mẹkáníìkì náà. Ó ga, irun etí rẹ̀ ti ń funfun, eyín rẹ̀ sì mọ́ ju ti ẹni tó ń fọwọ́ kan gíríìsì lọ. Mi ò fẹ́ràn eyín yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Jael kúnlẹ̀ kí i, ọkùnrin náà sì fà á dìde.

"Àníkẹ́," ó ní, "Àníkẹ́ mi, dìde."

Àníkẹ́ kẹ̀! Oríkì ìyàwó mi ni o, mi ò sì gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó. Ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Jael ni gbogbo ayé ń pè é, mo rò pé kò ní oríkì ni. Bó ṣe gbọ́ ọ, orí rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ojú ọmọdé. Èmi ń wò wọ́n.

"Ta ló sọ oríkì ẹ fún un?" mo bi í nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán.

"Bàbá mi ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni Ẹ̀gbọ́n Ṣùbòmí ti kọ́ṣẹ́."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ ọ́ fún èmi?"

"O ò bi mí rí now, Túbọ̀sún."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Mò ń tú kabúrétọ̀ oníbàárà kan nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín Jael láti ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe irú èyí tó ń rín sí mi. Èyí ti ikùn wá, ó ń gbá itan sí i. Mo yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Jael jókòó lórí alùpùpù, ọkùnrin yẹn nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ṣéènì, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Èmi kì í ní kí ìyàwó oníbàárà jókòó sórí jẹnẹrétọ̀ kí n tó tún un ṣe.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde," mo ní. "Ó ti tó. Èmi náà mọ ẹ̀rọ. Abeg, ẹ má wá síbí mọ́."

Jael pariwo. "Túbọ̀sún! Kí lo ń sọ?"

"Ohun tí mò ń sọ yé mi. Abilékọ kì í jókòó kí gìrìpá ọkùnrin máa nà sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀."

Ṣùbòmí gbọn iyanrìn ṣòkòtò rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. "No wahala, àbúrò," ó ní. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ṣéènì yẹn dẹ̀ díẹ̀ o, ẹ má fún un jù." Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú.

Ta ni yóò kọ́ mi? Nínú iṣẹ́ tèmi, ohun tó bá dẹ̀, a máa ń fún un ni. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbé alùpùpù dúró lórí irin ìdúró rẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Mo fi òòlù lu ojú ṣéènì kan jáde, mo jù ú nù, mo so ìyókù pọ̀, mo sì fa wílì ẹ̀yìn sẹ́yìn títí ṣéènì fi le koko. Mo pe Jael kó wá wo iṣẹ́ ọkọ ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó gùn ún jáde. Orí pákó gọ́tà yẹn náà ni ṣéènì ti já. Ó wé mọ́ wílì, alùpùpù dúró gbagidi, Jael sì ṣubú dojú bolẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló mú un wálé, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó, ètè rẹ̀ wú.

Èmi náà jókòó lórí alùpùpù ọ̀hún láti wo ohun tó ṣe é. Bí mo ṣe jókòó ni spíríńgì ẹ̀yìn rì, wílì sì sún sẹ́yìn. Ó wá yé mi. Bí èèyàn bá gùn ún, ṣéènì á tún le sí i ju bó ṣe wà lọ, ẹni tó máa gùn ún gan-an ló gbọ́dọ̀ jókòó kí a tó wọn bó ṣe máa dẹ̀ tó. Ìdí tí Jael fi jókòó nìyẹn, ìdí tí ọkùnrin yẹn fi nà sílẹ̀ nìyẹn. Ojú tì mí. Kí n má purọ́, owú náà kò lọ.

Mo lọ bá Ṣùbòmí ní Múṣín, mo dọ̀bálẹ̀. Ó fún mi ní ṣéènì tuntun, ó fi bí mo ṣe máa so ó hàn mí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wá so ó fúnra rẹ̀.

"Rárá o," ó ní. "Ọmọ ọ̀gá mi ni. Mi ò ní jẹ́ kí ilé ẹ̀ dàrú tìtorí tèmi. Mi ò wá mọ́."

Inú mi dùn. Mo fẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tí mo délé, mo so ṣéènì, mo bẹ Jael kó wá jókòó. Ó jáde wá pẹ̀lú báńdéèjì lápá, ó jókòó, ó ń wo fẹ́ǹsì. Mo nà sílẹ̀ síbi tí Ṣùbòmí nà sí. Mo dá àpárá kan, kò rẹ́rìn-ín. Mo tún dá òmíràn.

"Ó dáa," mo ní, "sọ ọ̀kan fún mi nínú ohun tó máa ń sọ tó ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín."

"Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni," ó ní. "Bó ṣe máa ń gbé mi síwájú lórí alùpùpù yìí. Bó ṣe máa ń kọrin tí ohùn ẹ̀ á ya. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, tó bá ti wá."

"Sọ ìyókù."

"Mi ò mọ ìyókù. Ọmọ kékeré ni mí nígbà yẹn, mọ́mì mi kì í sì sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ṣùbòmí nìkan ló mọ̀ ọ́n, o sì ti lé e."

Ṣéènì dẹ̀ bó ṣe yẹ lábẹ́ ìka mi. Mo fún nọ́ọ̀tì wílì ẹ̀yìn, mo ní kó sọ̀ kalẹ̀.