Ìwé Tí Wẹ́dà Fọwọ́ Sí

Lọ́jọ́ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Tíṣà Ìṣirò, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń tún ìdí ṣòkòtò kan rán. Tíṣà ò pariwo. Ó kàn wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na fóònù sí i, ó ní, "Bá mi kà á. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gba ojú mi gbọ́."

Télọ̀ ni obìnrin náà. Kì í kánjú gé aṣọ, kì í sì í kánjú ka ìwé. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí àwọn ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń kàwé pọ̀, fẹ́ kí Tíṣà wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún méjì. Iye owó oṣù wà níbẹ̀. Ilé oníyàrá méjì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì àti àga ti wà nínú ẹ̀. Wọ́n á san owó ọkọ̀ òfúrufú fún tọkọtaya àti ọmọ, wọ́n á san owó dókítà, ọmọ á sì kàwé lọ́fẹ̀ẹ́.

"Owó oṣù yìí ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ o," ni ìyàwó wí. "Mo gbọ́ pé ọjà wọ́n níbẹ̀ bí ojú."

"Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó ti débẹ̀ sọ pé owó ilé gan-an ló ń jẹ owó lọ́wọ́ ẹni. Tí wọ́n bá ti fún ẹ nílé, tó ò san owó ilé ìwé ọmọ, oúnjẹ àti iná ló kù. Àwọn tó gba owó ńlá láìgba ilé, àwọn ló ń yáwó kí oṣù tó parí."

Ìyàwó tún un kà. Ó wá gbé fóònù lélẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ sọ fún wọn pé à ń bọ̀."

Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nílé yẹn, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá. Ìbéèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé bó bá ti lajú láàárọ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀ lé wa? Ta ló kọ́kọ́ ka ení, èjì, ẹ̀ta? Tí ẹja bá ń sunkún, ta ló máa mọ̀? Àwọn mìíràn a máa lé e. Tíṣà kì í lé e. Èyí tó bá mọ̀, á dáhùn. Èyí tí kò bá mọ̀, àwọn méjèèjì á jọ lọ wá a nínú ìwé. Ẹni tó bá rí wọn pọ̀ ò ní mọ̀ pé Tíṣà kọ́ ló bí i. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún kí Tíṣà tó fẹ́ ìyá rẹ̀. Wẹ́dà tó ń jó irin ni bàbá tó bí i lọ́mọ, ó ń gbé nílùú mìíràn. Òun àti ìyá ọmọ fi ìjà túká, ó sì ti tó ọdún méje tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ físà wọn ti kọsẹ̀.

Obìnrin kan wà nílé ẹ̀kọ́ náà tó ń rí sí àwọn tíṣà tuntun. Ó pè wọ́n lórí fóònù, ojú rẹ̀ hàn, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ìwé ẹ̀rí Tíṣà pé, ìwé ọlọ́pàá pé, ìwé ìgbéyàwó pé. Ẹyọ kan ló kù. Orúkọ bàbá tó wà nínú ìwé ìbí ọmọ kì í ṣe orúkọ Tíṣà, àwọn tó ń fúnni ní físà ò sì ní í gbà kí ọmọdé bá ìyá rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé bàbá tó bí i fọwọ́ sí i níwájú akọ̀wé kóòtù pé òun gbà. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí ìwé gbogbo wọlé.

"Tó bá ṣòro," ni obìnrin náà wí, "ẹ̀yin àti ìyàwó yín ẹ kọ́kọ́ máa bọ̀. Ọmọ lè wá tó bá di ọdún tó ń bọ̀."

Kò fi ìkà sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyá àgbà, ìyá ìyàwó, tó jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri, kò fi ìkà sọ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọdún kan ò pẹ́ mọ́. Iṣẹ́ báyìí kì í kan ilẹ̀kùn ẹni lẹ́ẹ̀mejì."

Tíṣà mi orí. "Màmá, ẹ má bínú. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ìwé tí mo gbà. Tí mẹ́ta ò bá pé, màá dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn."

Ìyá àgbà wò ó títí, ó wá tún gèlè rẹ̀ wé. Ìbéèrè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀ ló ti gbọ́. Nígbà tó wọlé wá, kò béèrè nǹkan kan. Ó jókòó ti Tíṣà, ó fi orí lé apá rẹ̀, bí Tíṣà sì ṣe ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, apá ọ̀hún ò kúrò níbẹ̀.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ dárúkọ wẹ́dà. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mi ò lè lọ bẹ ọkùnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù mi, kò ṣeé kó jẹ."

"Èmi ò bá a jà rí," ni Tíṣà wí. "Ohùn tútù ló ń yọ obì lápò. Èmi ni màá lọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì ní kùtùkùtù, ó rin wákàtí méjì. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Géètì mẹ́rin tí wọn ò tíì kùn fara ti ògiri, ilẹ̀ kún fún egé irin, òórùn irin jíjó sì gba gbogbo ibẹ̀. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, iná ń ta pàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí àlejò, ó paná, ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ni Tíṣà wí.

"Ẹ káàbọ̀. Géètì lẹ fẹ́ ṣe ni, àbí irin ojú wíńdò?"

"Kì í ṣe irin. Èmi ni ọkọ ìyá Ìbéèrè."

Irin tó wà lọ́wọ́ wẹ́dà jábọ́. "Kí ló ṣe é? Kí ló ṣe ọmọ mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ara ẹ̀ le koko."

Wẹ́dà mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àyà Tíṣà náà rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọmọ ló kọ́kọ́ béèrè, ó ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: iṣẹ́, ilé, físà, ọjọ́ tó kù. Ó mú ìwé jáde. Wẹ́dà ò gbà á.

"Mo mọ irú ìwé báyìí. Tí mo bá ti fọwọ́ sí i, mi ò lọ́mọ mọ́ nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ṣé ó dìgbà tẹ́nì kan bá sọ ọ́ ni? Ọdún méje, mi ò ra pẹ́ńsùlù kan fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, inú ló ń bí mi. Nígbà tí inú ò bí mi mọ́, ojú wá ń tì mí. Ìtìjú sì burú, bó bá ti jókòó síni lọ́rùn lọ́dún àkọ́kọ́, ó di onílé nìyẹn."

Tíṣà ò dá a lẹ́jọ́. Ó tẹ́ ìwé sórí itan ara rẹ̀, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, ó kà á fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà ní ọmọ wẹ́dà ni ọmọ náà. Ó ní wẹ́dà gbà kó máa bá ìyá rẹ̀ gbé, kó máa kàwé níbẹ̀, títí iṣẹ́ ọdún méjì á fi parí. Kò sí ibi tó ti sọ pé wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ tún ibi orúkọ yẹn kà."

Tíṣà tún un kà.

"Orúkọ tèmi ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀?"

"Orúkọ yín ni. Kò sẹ́ni tó yí i padà rí."

Wẹ́dà mú àkísà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù, bí ẹni pé ọwọ́ ọ̀hún ò ní í mọ́ láyé. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "Kí ló ń pè yín?"

"Dádì ló ń pè mí. Ẹ̀yin ló ń pè ní 'bàbá mi'. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bi mí pé ṣé iná tí bàbá òun fi ń jó irin gbóná ju oòrùn lọ."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wá a nínú ìwé."

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín, ó yáa kọjú sí àwọn géètì. "Ó ṣì ń béèrè?"

"Háà, ọ̀gá! Ẹ ò mọ nǹkan tójú wa ń rí ni."

Àwọn méjèèjì wá jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Tíṣà dìde, wẹ́dà sìn ín dé ibi bọ́ọ̀sì. "Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án, màá wà ní kóòtù yín. Àmọ́ ẹ mú un dání. Mo fẹ́ rí i."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án lù, wẹ́dà ò dé. Aago mẹ́wàá kọjá. Ìbéèrè wọ aṣọ funfun tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, ó ń mi ẹsẹ̀. Akọ̀wé kóòtù yọjú, ó ní tó bá ti di aago méjìlá, òun ò ní í fọwọ́ kan ìwé kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

"Mo mọ̀," ni ìyàwó ń sọ lábẹ́ ètè. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i," ni Tíṣà wí, ṣùgbọ́n òun náà ò yé wo ẹnu ọ̀nà.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan yà wọ ọgbà kóòtù. Wẹ́dà bọ́ sílẹ̀ níwájú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ tó le bíi páálí. Lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi okùn de pẹpẹ ìwé onírin ńlá kan, pẹpẹ márùn-ún lórí ara wọn, ọ̀dà búlúù tí kò tíì gbẹ tán ń dán lára rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló wí, ó ń mí gúlegúle. "Ọ̀dà ni ò gbẹ. Dírẹ́bà ní òun ò ní í gbé e ní tútù. Mo ní ọmọ tó bá ń béèrè tó báyìí, ìwé ẹ̀ á pọ̀."

Tíṣà wo pẹpẹ náà. Ó rántí pé ẹrù kílò mẹ́tàlélógún péré ni ọkọ̀ òfúrufú máa gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè ló gbà á sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó dìde, ó yí pẹpẹ po lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá mi, báwo ló ṣe máa wọ ọkọ̀ òfúrufú?"

Wẹ́dà họ orí. "Mi ò... mi ò ronú débẹ̀."

Ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò yí padà rárá!" ló ń sọ. "Ẹ ò yí padà!" Wẹ́dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, akọ̀wé kóòtù sì yọ orí lójú wíńdò láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìbínú ọdún méje ò mọ ibi tó máa jókòó sí mọ́ láàárín wọn. Wọ́n pe ìyá àgbà lórí fóònù, ó ní kí wọ́n máa gbé pẹpẹ bọ̀ wálé òun, pé òun ti ń wá ibi tí òun máa to ìkòkò sí.

Wẹ́dà fọwọ́ síwèé. Ó rọra kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, gbì! Tíṣà gbà á, ó rọra kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fi í sápò.

Lẹ́yìn náà ni bàbá àti ọmọ lọ jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà. Wọ́n lò tó wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ. Nígbà tí Ìbéèrè padà wá, ọ̀dà búlúù ti lẹ̀ mọ́ èjìká aṣọ funfun náà, bí àmì ọwọ́ èèyàn. Ìyá rẹ̀, tó lè torí àbàwọ́n ráńpẹ́ bá gbogbo ilé jà, wò ó, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdáhùn físà tó dé. Tíṣà wà níwájú kíláàsì ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí fóònù gbọ̀n lápò rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ, ó jáde, ó kà á, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi lọ bọ́jú. Ó wá pe ilé.

"Ó ti jáde."

"Mélòó?" ni ìyàwó béèrè.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ohun tó gbọ́ ni sísọ́ọ̀sì tó bọ́ sílẹ̀, àti Ìbéèrè tó ń pariwo lẹ́yìn pé, "Kí ló dé? Màámi, kí ló dé? Ṣé ó dáa ni?"

Obìnrin tó ń rí sí àwọn tíṣà tuntun ló wá pàdé wọn ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó wo Tíṣà, ó wo ìyàwó, ó wo ọmọ. "Ẹ pé," ló wí.

"A pé, mà," ni Tíṣà dáhùn.

Bó ṣe ń wakọ̀ lọ ló ń ṣàlàyé ìlú fún wọn: iye tí iná ń jẹ lóṣù, ọjà tó dínwó lẹ́yìn ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tí tíṣà kì í sanwó rẹ̀. Ìyàwó ń fọkàn ṣírò, ìṣirò náà sì ń jáde. Nígbà tó gbọ́ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta òun náà lè gba ìwé iṣẹ́, àti pé ilé ẹ̀kọ́ náà ò ní télọ̀ tó ń tún aṣọ àwọn ọmọ ṣe, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àjà kẹta ni ilé náà wà. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àga mẹ́rin, tábìlì kan, ààrò oníná. Ọ̀sán ṣì pọ́n. Ìyàwó wọ ilé ìdáná, ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi gbígbóná jáde. Ó bọ́ bàtà, ó fọ ojú, ó fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì tètè pa omi.

Ìbéèrè sáré wọlé. "Màámi, Dádì ti sùn lọ o! Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ṣé kí n jí wọn?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọn ò lọ síbì kankan mọ́ lónìí."