Omi Tí Kékeré Ń Dà Nù

Kékeré fi ọwọ́ kan ti ògiri balùwẹ̀, ó pa eyín pọ̀, ó ń dúró de ìtọ̀. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n láti òwúrọ̀. Ó wúwo lábẹ́ ìdodo rẹ̀ bí òkúta, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ dé ìta, á kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀kán kan já bọ́. Ó ta á lójú ibi tí wọ́n rán débi pé igbe ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó mọ̀ pé òun ló ké.

Nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ayùn bàbá rẹ̀ dákẹ́. Kékeré fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ayùn tún bẹ̀rẹ̀, ó mí.

Nígbà tí orí ọmọ ń jáde ni ojú ara rẹ̀ ya, wọ́n sì rán an. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù òwú náà ló ń bà á. Bó bá fẹ́ húkọ́, á kọ́kọ́ pa itan pọ̀. Bó bá fẹ́ jókòó, á dàbí ẹni pé nǹkan fẹ́ já. Ta ni yóò bi? Ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Bó bá pè lórí fóònù tó béèrè ara rẹ̀, á ní dáadáa ni. Ìyá rẹ̀, tí ì bá wà nínú yàrá náà pẹ̀lú rẹ̀, ti kú nígbà tí oyún ṣì kéré. Ó ku bàbá. Ọmọbìnrin kì í bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ irú ibẹ̀ yẹn.

Ó wá dá ọgbọ́n ara rẹ̀. Ẹni tí kò mu omi kò ní tọ̀. Bí bàbá bá gbé ife omi ńlá wọlé, á dúpẹ́; bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, á dà á gba ojú fèrèsé. Ọgbọ́n náà dára lójú rẹ̀, àfi pé ọmú ti ń rọ̀. Ọmọ á fà á, á jù ú sílẹ̀, á figbe ta.

“Àlejò ń bínú,” ni bàbá máa ń wí láti ẹnu ọ̀nà, láìrẹ́rìn-ín. Àlejò ló ń pe ọmọ náà.

Ní ìyálẹ̀ta, bàbá gbé àga kan wọlé. Ó ti gé ihò sí àárín ìjókòó rẹ̀, ó ti dán etí ihò náà, ó sì ti fi fóòmù àti aṣọ bò ó yí ká. Ó gbé e kalẹ̀, ògiri ló ń wò.

“Mo rí i pé ìdúró lo fi ń fún un lọ́mú,” ló wí. “Èyí kì í ṣe títà. Kò sẹ́ni tó máa rà á.”

Ó jáde. Kékeré rọra jókòó. Kò sí ohun tó kan ojú rírán náà. Ó jókòó bí ènìyàn, ó sì sunkún, ọmọ sì ń fa ọmú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú.

Ọ̀sán ni òtútù dé. Oòrùn ń jó páànù lókè, òun sì ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ méjì. Bí ti ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: òtútù lọ́sàn-án gangan. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, bàtà rẹ̀ ni wọ́n sì mú bọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn á gbé òun náà lọ. Bí kò bá sọ ńkọ́? Ó wo ojú ọmọ, ó ń ronú ohun tí yóò rántí nípa òun. Kò sí.

Bàbá wọlé pẹ̀lú ife omi. Lọ́tẹ̀ yìí kò yí ẹ̀yìn padà.

“Mu ún níṣojú mi.”

Ó ní òun máa mu ún tó bá yá.

“Ilẹ̀ abẹ́ fèrèsé rẹ tutù. Òjò ò sì rọ̀.”

Kékeré wo inú ife. “Ara mi le, bàbá.”

“Ara ìyá rẹ náà le títí a fi sin ín.”

Kò gbóhùn sókè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì dárúkọ ìyá rẹ̀ rí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: òwe tí ìyá fi ń bá gbogbo ayé wí nìyẹn, tí kò fi bá ara rẹ̀ wí. Kékeré kọjú sí ògiri, ògiri náà ló sì ròyìn fún: ìtọ̀ tó kọ̀, títa tó ń ta, òwú, omi tó ń dà nù. Bàbá kọjú sí ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Wọ bàtà,” ló wí.

Nínú takisí, ní gbogbo kòtò ni Kékeré ń fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè lórí ìjókòó. Bàbá ní kí awakọ̀ rọra. Ó tún ní kó yára. Awakọ̀ bi í pé èwo ni kí òun ṣe nínú méjèèjì.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà tó gbẹ̀bí rẹ̀ ló gbà wọ́n wọlé. Ó ní kí bàbá gbé ọmọ dúró níta. Ó yẹ ojú rírán wò, ó ní ó ń jinná, òwú kankan kò yẹ̀. Ó wá tẹ abẹ́ ìdodo rẹ̀, Kékeré sì ké. Ó bi í ìgbà tó mu omi gbẹ̀yìn.

“Ìyá ìkókó, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

Kékeré jẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì bu omi sí ife kan, ó gbé e fún un.

“Ìtọ̀ tí kò lómi nínú, bí ata ló ń ta ni. Ìwọ lo sì ń lọ ata náà fún ara rẹ.”

Ó ní àrùn ti fẹ́ ráyè gba ojú ìtọ̀ wọlé, oògùn rẹ̀ sì wà. Ó ní ká ní wọ́n fi di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Kò sọ bí ì bá ṣe yàtọ̀. Ó dúró tì í títí ó fi mu omi tán, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú jọ́ọ̀gì, ó ní kó máa rọra dà á síbẹ̀ bó ṣe ń tọ̀, kí ìtọ̀ náà má ta á.

“Tí kò bá jáde ńkọ́, mà?”

“A máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á jáde. Òwú rẹ ò ní já.”

Kékeré wọ balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Omi kọ́kọ́ dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó tún bù ú, ó dà á, ìlọ́wọ́ọ́wọ́ náà tàn ká ibẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó tún dà á. Nígbà náà ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, ó ta á, ó sì rọlẹ̀, kò sì dúró mọ́. Nọ́ọ̀sì béèrè láti ìta pé ṣé ìtọ̀ nìyẹn àbí odò.

Bàbá wà lóòró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àga òfìfo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ dání bí pákó tí ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ.

“Ó ti jáde, bàbá. Wọ́n fún mi lóògùn. Wọ́n ní ká máa lọ sílé.”

Ó mirí pé ó dára. Kékeré na ọwọ́ láti gba ọmọ, kò fún un. Ó rò pé bàbá kò gbọ́ ni, àfìgbà tó rí i pé ó ń gbìyànjú, apá rẹ̀ ló ti gan síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka tó ń di ayùn mú látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n tutù bíi tẹni tó ti inú òjò dé. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, òun ti rò pé òun nìkan lẹ̀rù ń bà nínú ilé náà.

Ó gba ọmọ mọ́ra. Ó ní kí àwọn dúró síbẹ̀ díẹ̀ ná, kí ẹsẹ̀ òun lè mókun. Kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò, ti bàbá ni.