Ìkúnlẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Alájì Àmọ̀sù

"Òfin wo? Òfin tó máa gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi wọlé, ìyá ẹ̀ ò tíì lóyún ẹ̀!"

Báyìí ni Alájì Àmọ̀sù ṣe lọgun láàárín ọjà ńlá Bouaké. Ó gbọn ọwọ́ agbádá sókè, ó tún jù ú sẹ́yìn. Gbogbo àwọn aláṣọ tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Sìdíkátù tó ń bá a ta aṣọ, tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó dúró ṣánṣán. Kò sì sí bí kò ṣe ní dúró ṣánṣán: àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún láti kékeré, inú irin tí alágbẹ̀dẹ kan rọ fún un ni ẹsẹ̀ náà sì ń gbé, láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Irin náà kì í tẹ̀ lórúnkún. Sìdíkátù lè rìn, ó lè dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó lè ta aṣọ fún ẹni tó kàn yà láti béèrè ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe. Kò lè kúnlẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ ọ̀hún ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Sàúdátù, oníbàárà pàtàkì tó máa ń ti Marabadiassa wá kó aṣọ, ló sọ lọ́jọ́ kan pé, "Alájì, ọmọ yín yìí ń kí mi bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ ẹ̀." Láàárín àwọn Yorùbá Bouaké, ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju èébú lọ. Obìnrin tó ń tajà a máa kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kó tó tú aṣọ fún un. Bí kò bá kúnlẹ̀, aṣọ tó dára jù lọ á dà bí àkísà lójú ẹni tó fẹ́ rà á.

"Sìdí, iwájú ṣọ́ọ̀bù ò gbà ọ́ mọ́," ni Alájì wí. "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà kéré. Máa lọ sílé."

"Alájì, pẹ̀lú irin yìí náà lẹ gbà mí síṣẹ́. Àbí ẹ rò pé á rọ̀ tó bá dàgbà ni?"

"Ṣé ẹ rí i? Ẹnu yẹn náà wà lára ẹ̀!"

"Mo gbọ́ lórí rédíò pé òfin ti wà fún aláàbọ̀ ara báyìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé wa níṣẹ́ nítorí àbùkù."

Ìgbà yẹn ni Alájì wá lọgun ọ̀rọ̀ ìyá òfin tí kò tíì lóyún.

Sìdíkátù kò bá a jiyàn. Iṣẹ́ yìí ló fi ń gba yàrá ní àdúgbò Kennedy, òun ló sì fi ń bọ́ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìdajì, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn, ta ló máa gba obìnrin onírin ẹsẹ̀ níbòmíràn? Ó kọrí sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, irin ń dún kò, kò, kò lórí sìmẹ́ńtì, débi pé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún un kó tó kan ilẹ̀kùn.

Madame Amoin, ọmọ onílẹ̀ ẹ̀yà Baoulé tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ránṣẹ́ pe Alájì. Alájì dé nínú agbádá tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí tó fi le gbagidi, Qoreebah ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kó o jáde ní Faransé:

"Madame, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Anago ni mí, Anago lòun náà. Àjèjì ni wá. Òfin yín, ọmọ onílẹ̀ ló wà fún. Ṣebí ohun tí gbogbo yín ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn?"

Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́n. Lásìkò tí ivoirité, ọ̀rọ̀ pé ta ni ọmọ onílẹ̀ gidi, wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, tí ọlọ́pàá ń bi ọmọ tí wọ́n bí sí Bouaké pé ìgbà wo ló ń padà sílé, ó gbọ́n gan-an ni.

"Ó dáa," ni Madame Amoin wí. Ó na ọwọ́. "Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́ àjèjì, ẹ jẹ́ kí n rí carte de séjour yín, ìwé tí àjèjì fi ń gbé ìlú."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Alájì.

"Èmi kẹ̀? Àjèjì báwo? Àdúgbò Koko níbí ni wọ́n bí mi sí! Ibẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́lẹ̀! Madame, bí ẹ bá gé mi lábẹ, ẹ̀jẹ̀ Bouaké ló máa jáde!"

"A dúpẹ́. Ọmọ onílẹ̀ dé. Òfin sì mú yín."

Qoreebah gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Ó ku díẹ̀ kí Sìdíkátù pàtẹ́wọ́, àfi bí Madame ṣe yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́? Ọmọ ibo ni ọ́?"

Àtẹ́wọ́ náà kú sí i lọ́wọ́. Ghana ni bàbá rẹ̀ ti gbé ẹrù wá lọ́dún tí wọ́n lé àwọn àjèjì níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìlú míì ju Bouaké lọ. Ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Madame, iṣẹ́ mi ni mo wá béèrè. N ò wá béèrè ìlú."

Madame na ọwọ́ sí àga kan. "Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yìí ni òfin iṣẹ́ ń wò. Jókòó."

"Ẹ jẹ́ n dúró, Madame. Ìdúró lẹjọ́ wa."

Alájì rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ohun tí ọkùnrin tí ìdílé rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú aláṣẹ náà ló ṣe: ó dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀ kí wọ́n tó dìde o. Ó nà gbalaja, agbádá sì bo gbogbo ilẹ̀ ọ́fíìsì.

Madame Amoin fò sókè. "Ó ti kú! Ó ti kú sí mi lọ́fíìsì! Ẹ gbé omi wá!"

"Kò kú, Madame," ni Qoreebah wí. "Ó ń bẹ̀ yín ni."

"Ẹ ní kó dìde!"

"Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ dìde," ni ohùn kan wí lábẹ́ agbádá. "Ẹ̀yìn mi ti há! Yéè! Qoreebah, ẹ̀yìn mi o!"

Qoreebah fa agbádá, agbádá ya. Madame dì í lápá mú, Alájì ké. Ó fi apá sílẹ̀, Alájì tún ké. Sìdíkátù rìn wá, ó gún ẹsẹ̀ onírin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Èmi ò lè bẹ̀rẹ̀, Alájì, ẹ mọ̀. Ẹ di irin mú, kí ẹ máa gùn ún bọ̀."

Alájì di irin mú. Ó ń gùn ún bí ẹni ń gun òpó, ọwọ́ kan ń tẹ̀ lé ìkejì.

"Alájì! Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ!" ni Qoreebah ké.

"Irin ni mo dì mú! Irin ni!"

Irin kò mì. Nígbà tí Alájì dìde tán, ó fara ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Madame Amoin padà jókòó.

"Alájì, ṣé ẹ tún lè dọ̀bálẹ̀ báyìí?"

"Láéláé!"

"Ta ni kí n wá rán kó lọ lé yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín?"

Alájì wo ilẹ̀, ó wo irin. Ṣùgbọ́n Alájì kì í ṣe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi ní jẹ́ẹ́jẹ́. Ó gbé apá kan tó ṣì ṣeé gbé sókè.

"Ẹ gbọ́ o! Láti òní lọ, Sìdíkátù lọ̀gá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi! Kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni! Oníbàárà tó bá ní kó kúnlẹ̀, kó lọ máa raṣọ lókè òkun!"

"Òfin ti sọ̀rọ̀!" ni Madame wí, ó lu tábìlì.

"Láàárọ̀ ọ̀la ni màá ṣílẹ̀kùn," ni Sìdíkátù wí. "Ìdúró ni màá fi kí gbogbo wọn, tàgbàtèwe!"

Qoreebah ń ká agbádá tó ya.

"Ta lo fẹ́ kí? Láti ọjọ́ tí o ti lọ, ẹnikẹ́ni ò tíì wọlé wá rajà."