Ọjọ́ Tí Mágínẹ́ẹ̀tì Kọ̀ Jálẹ̀

Ìyá Jemimah kì í pariwo lé ọmọ lórí, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn. Ní ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Joju, ó sọ ọ̀kan tó mú kí ọmọ rẹ̀ dúró gbagidi lójú ọ̀nà.

"Jemimah, gbọ́ mi dáadáa. Tí nǹkan tó o ní ó máa dúró lójú afẹ́fẹ́ yẹn ò bá gbéra níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì Sátidé, o máa lọ sí Commercial class ní term tó ń bọ̀. Kò sí ẹjọ́ mọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Jemimah, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, àwọn tó ka àkáǹtì ló ń jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn tó ka sáyẹ́ǹsì ń wọ bàtà rọ́bà kiri nínú ooru. Ohun tí obìnrin náà ń fi ojú ara rẹ̀ rí lójoojúmọ́ nìyẹn, ta ló sì fẹ́ bá a jiyàn?

Nǹkan tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe idán o. Àwo dúdú pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, tí ẹ̀gbọ́n Àǹtí Ọmọ́wùnmí, olùkọ́ físíìsì wọn, fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Superconductor ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti tutù dé ìwọ̀n kan, iná mọ̀nàmọ́ná á máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ohun tó ń dí i lọ́wọ́, mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá sì gbé lé e lórí á gbéra kúrò lára rẹ̀, á dúró lójú afẹ́fẹ́. Àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí ní ti ìgbóná gíga. Ẹ má dá wọn lóhùn. Omi á ti di òkúta kó tó dé ìdajì ọ̀nà ibi tí wọ́n ń pè ní ìgbóná yẹn! Torí pé òtútù tí àwọn yòókù ń fẹ́ tún ju ti èyí lọ fíìfíì ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní onígbóná.

Náítírójìn olómi ló lè mú un tutù tó bẹ́ẹ̀. Oore ńlá ni Ọlọ́run ṣe Jemimah, torí pé Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gáàsì kan lọ́nà Ọ̀tà. Ọ̀gá rẹ̀ gbà kó gbé fúláàsì kan wá, pẹ̀lú àdéhùn pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò dà á, ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Sátidé pé, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún fọ́fọ́. Ìyá Jemimah jókòó sí ìlà iwájú, ó gbé báàgì lé itan. Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Jemimah gbé àwo dúdú náà sínú abọ́ fóòmù, ó gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lé e lórí, Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga sì rọra da náítírójìn sí i. Èéfín funfun bo tábìlì, ó ń ṣàn wálẹ̀. Àwọn ọmọdé pariwo, obìnrin kan sì ké "Jésù!" lẹ́yìn.

Èéfín rọlẹ̀. Gbogbo ojú wà lára mágínẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó síbẹ̀ bí onílé.

"Ọmọ mi," ni Ọ̀gbẹ́ni Àbáyọ̀mí, adájọ́ àgbà, wí, "kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Ó yẹ kó gbéra, sà."

"Ṣé ó ti gbéra ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti Jemimah débi pé etí rẹ̀ gbóná. Commercial class ń wò ó lójú kòró. Ó fi ẹ̀mú oníke ti mágínẹ́ẹ̀tì náà, àwo dúdú tẹ̀ lé e. Ó gbé e sókè, àwo tún bá a lọ. Àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀bà àná.

Ó gbé wọn sórí tábìlì, ó tẹjú mọ́ wọn. Bí òtútù ṣe ń kúrò lára wọn, nǹkan funfun kan tó dì sáàárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń dán. Òórùn kan sì dé imú rẹ̀. Jemimah mọ òórùn yẹn. Láàárọ̀ gbogbo ìdánwò, ohun tó ní òórùn yẹn ni wọ́n máa ń ta sí i níwájú orí.

Ó wo ìlà iwájú. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo fáànù bí ẹni pé wọ́n ní kó wá tún un ṣe.

Bí obìnrin yẹn bá dákẹ́, Commercial tó fẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n ó dìde.

"Èmi ni o. Ìgbà tí Jemimah wà ní balùwẹ̀ láàárọ̀, mo ta òróró àdúrà sí àwo dúdú yẹn. Díẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ta. Ìgbà tí mo tún wò ó pé nǹkan ọ̀hún dúdú jù, mo fi kún un."

Ẹ̀rín bú gbọ̀ngàn. Àǹtí Ọmọ́wùnmí fọwọ́ bo ẹnu. "Mà, òróró yẹn ló dì kí àwo tó tutù tó. Ó wá di gúlúù."

"Òróró àdúrà náà ń dì?"

"Òtútù yìí ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀, mà."

Ẹnì kan ti gbé omi wá. "Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́!" ni Jemimah kígbe. "Omi máa bà á jẹ́!" Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga yẹ inú fúláàsì wò, ó ní èyí tó kù ò lè kọjá ẹ̀ẹ̀kan. Àǹtí Ọmọ́wùnmí mú sípíríìtì jáde nínú àpótí ìtọ́jú, ìyá Jemimah sì yọ áńkáṣíìfù rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó nu àwo, ó nu mágínẹ́ẹ̀tì, ó ń nù ún bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ jòjòló.

Wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kejì. Mágínẹ́ẹ̀tì mì díẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ kan sókè, ó gbéra! Kò sí ohun tó gbá a mú lókè, kò sí ohun tó gbé e lábẹ́. Jemimah fi ẹ̀mú tọ́ ọ, ó ń yí lójú afẹ́fẹ́. Igbe ta. Ìyá rẹ̀ ò fi ti igbe ṣe. Ó ti tẹ ìwé ètò rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń tì í gba abẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì kọjá, ó ń wá okùn.

Bí àwọn adájọ́ ṣe ń kọ̀wé, Jemimah fa ìyá rẹ̀ létí aṣọ. "Mọ́mì, ká ní kò gbéra ni, Commercial tẹ́ ẹ fẹ́ ni ǹ bá lọ. Kí lẹ wá ń ta òróró sí i fún?"

Ìyá rẹ̀ kò wò ó. "Ohun tí mo fẹ́ ni kó o lọ sí Commercial. Ohun tí ìwọ fẹ́ ni mo gbàdúrà lé lórí."

Lórí tábìlì, mágínẹ́ẹ̀tì ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Gbóyèga," ni ìyá rẹ̀ wí, "ìgbà wo ni ọ̀gá yín tún lè fún ẹ ní òmíràn? Àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí i dáadáa."