Wọn Kì Í San Ti Ọlọ́run

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ọkọ mi gba Ọlọ́run gbọ́. Bàbá Yéjídé gba Ọlọ́run gbọ́ débi pé díẹ̀ ló kù kó fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi mẹ́ta rúbọ sí i.

Lọ́dún tí kóńgò gààrì kan di ohun tí à ń gbàdúrà sí kí a tó lè rà á, iná jó yàrá iwájú ilé wa ní Oǹdó. Ọjọ́ Ìsinmi ni, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá yẹn ni mo ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ jóná, aṣọ oníbàárà jóná, fìríìjì yọ́ bí àbẹ́là. Iṣẹ́ yẹn la sì fi ń jẹun, torí ìlàjì owó oṣù ni wọ́n ń fún àwọn tíṣà bíi ti ọkọ mi nígbà náà. Ọpẹ́lọpẹ́ ìnṣọ́ránsì tí a ti ra sórí ilé àti ẹrù inú rẹ̀. Ọdọọdún là ń dáwó, kí iléeṣẹ́ náà lè rọ́pò ẹrù wa bí nǹkan bá ṣe é.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí a kọ ohun tó fa iná. Ọkọ mi, tó ń ka Bíbélì fún ìjọ Áńgílíkà, fi Gẹ̀ẹ́sì tíṣà kọ ọ́ gàdàgbà pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ó tún fa ìlà sábẹ́ Ọlọ́run.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì dé: wọn ò ní san kọ́bọ̀.

Háà! Orí mi gbóná. Mo wọ́ Bàbá Yéjídé sínú mọ́tò, ó di Àkúrẹ́. Ọ́fíìsì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́láwálé ló dá wa lóhùn. Ó ṣí ìwé àdéhùn wa.

"Ẹ má bínú, mà. Ó wà níbí: a kì í sanwó fún àmúwá Ọlọ́run."

"Ṣé Ọlọ́run ò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa sun ẹ̀rọ Ìyá Yéjídé lọ ni?" mo ní. "Ìwọ náà, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló mú ẹ dé ìdí iṣẹ́ yìí? Kí wọ́n má san owó oṣù tìẹ náà nìyẹn!"

Ó gbé ẹ̀rín mì. "Mà, ìjì, ààrá, àgbàrá, àwọn yẹn là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ta ko ìpinnu wa. Kí bàbá kàn tún un kọ, kí wọ́n sọ ohun tó fa iná gan-an." Ó ti pépà àti bírò sọ́dọ̀ ọkọ mi.

Bàbá Yéjídé ò mú bírò. "Mi ò lè sẹ́ Ọlọ́run lórí ìwé."

"Ẹ sẹ́ ẹ, n ó bá yín bẹ̀ ẹ́!" Mo ti ń pariwo. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pétérù sẹ́, ó sì tún di àpọ́sítélì!"

Nígbà tí ọkọ mi máa sọ̀rọ̀, Bọ́láwálé ló kọjú sí.

"Mò ń lọ aṣọ funfun tí mo fi ń ka Bíbélì lọ́wọ́ ni NEPA múná lọ. Mo gbé aṣọ, mo jáde. Mi ò yọ áyọ́ọ̀nù lára iná ní yàrá iwájú. Wọ́n múná dé nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ̀yin bàbá yìí náà!" Bọ́láwálé mí kanlẹ̀. "Àṣìṣe èèyàn wà lára ohun tí à ń san. Bẹ́ ẹ gbàgbé áyọ́ọ̀nù, a ó san án. Ti Ọlọ́run nìkan la kì í san."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí. Ẹ̀rọ mi ń bọ̀ wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí iná yẹn ti jó ni mo ti yan Ọlọ́run lódì. Bí ìjọ bá dìde kọrin, èmi a jókòó. Mi ò kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́. Ọkùnrin yìí ń wò mí, kò la ẹnu.

Mo fi bírò há a lọ́wọ́. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyá Yéjídé, ṣé o lè dárí jì mí?"

"Ẹ dúró ná," mo ní. "Ọlọ́run ni n ó kọ́kọ́ lọ bẹ̀."